Ọ̀pọ̀tọ́ Kúbúrátù

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi gé yìnyín ní Ẹ̀pẹ́,
létí ọ̀sà, níbi tí ọkọ̀ ẹja ti ń gúnlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.
Mo mọ òtútù. Ọwọ́ ni mo fi gbé e.
Ìka méjì lọ́wọ́ òsì mi kò gbọ́ràn mọ́ títí dòní.
Òkú ni mo mọ̀ pé ó ń tọ́jú:
ọ̀bọ̀kún tó lajú sílẹ̀ tí kò rí nǹkan kan,
kó má tíì jẹrà kí oníbàárà tó dé.
N kò gbọ́ ọ rí pé ó ń tọ́jú alààyè.

Kúbúrátù ọmọ mi wá pè láti Kánádà,
ó ní, "Bàbá, mo gbin ọ̀pọ̀tọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo bojú wẹ̀yìn.
Ọ̀pọ̀tọ́ tiwa rèé ní Pópó Ọba, ta ló gbìn ín?
Ẹyẹ ló yàgbẹ́ sórí ògiri,
hóró kan wọ inú sìmẹ́ǹtì,
ká tó mọ̀, gbòǹgbò ti la yàrá ìyá Kúbúrátù sí méjì.
Músíbáù bíríkìlà gé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Ó da kẹrosíìnì sí i. Ó da iyọ̀ sí i.
Ó gba owó, ó jẹun, igi sì rúwé lójú ọgbẹ́.
Lọ́dún kẹrin, Músíbáù fúnra rẹ̀ kú.
Àdán ṣì ń jẹ lára igi náà lálaalẹ́.

Ó ní kì í ṣe irú yẹn.
Ó ní ti òun dùn, ewé rẹ̀ jọ àtẹ́lẹwọ́,
èyí tí àáfà máa ń dárúkọ nílé kéwú
tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fojú rí.
Ará Síríà kan ní ilé kejì ló gé ẹ̀ka fún un.
Tó bá di oṣù Ọ̀wàrà, ewé á wọ̀ tán,
wọ́n á di ẹ̀ka pọ̀ bí ìtí igi ìdáná,
wọ́n á gé gbòǹgbò ẹ̀gbẹ́ kan,
wọ́n á rọra tẹ́ ẹ sínú kòtò
(mo ní dúró ná, kòtò?
ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, kòtò),
kúbùsù lórí rẹ̀, pákó lórí kúbùsù, erùpẹ̀ lórí pákó.

N kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà.
Oṣù Ọ̀wàrà la sin ìyá rẹ̀,
lọ́dún tí òun kò tíì ríwèé tó fi lè wálé.
Ilẹ̀ mọ́, mo pè é padà:
ta ló sọ fún ẹ pé ohun tí a bá rì mọ́lẹ̀ ń jí?
Ó dákẹ́ pẹ́. Ẹ̀rọ amúlégbóná ń kùn lẹ́yìn rẹ̀.
"Ó ń sùn ni, Bàbá. Bí kò bá sùn, kò ní so."

Ọyẹ́ tiwa kò ju kí ètè là.
Ọ̀sà á funfun láàárọ̀, apẹja á wọ súwẹ́tà,
a ó ní òtútù ń pa wá.
Mo jókòó sábẹ́ igi tí ẹyẹ gbìn, mo ń ka oṣù:
Bélú, Ọ̀pẹ, Ṣẹ́rẹ́, Èrèlé, Ẹrẹ́nà.
N kò ṣàdúà fún igi rí láyé mi.

Fọ́tò dé lóṣù Igbe.
Kòtò ti ṣí. Kúbùsù ti rin gbindin,
mo sì dá a mọ̀: ti ìyá rẹ̀ ni,
èyí tó ká sínú àpótí lọ́jọ́ tó ń lọ.
Ọ̀pá dúdú méjì ló wà nínú rẹ̀.
Eku ti jẹ èèpo ọ̀kan yí po.
Lórí èkejì, ohun kan wà tí kò tó èékánná ọmọ titun,
àwọ̀ ewé.

Mo fi ìka méjì tí kò gbọ́ràn yẹn kan ojú fóònù.
Mo gbé e lọ sídìí ògiri, mo fi han igi wa.
Àgbà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má bi í nídìí.

Mo ti pọ́n àdá sílẹ̀ fún Sátidé.
Mo gbé e padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Kí ògiri máa là.
Kò kúkú sẹ́ni nínú yàrá náà.